Ayálégbé Inú Yàrá Òfìfo

"Ọmọlanke kì í ṣe ọkọ̀!"

"Ọkọ̀ ni!"

"Bàbá Dírẹ́bà, ẹ dákun. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dà?"

"Ó ní táyà àbí kò ní?"

"Ó ní in."

"Ó ń gbé ẹrù àbí kì í gbé e?"

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ń gbé ẹrù. Ṣé ọkọ̀ ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní táyà? Ìwọ ọmọ yìí, èmi tí mo wa ọkọ̀ títí irun fi tán lórí mi, ìwọ tó ò wa nǹkan kan rí ju imú ẹ lọ, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

"Ẹ má bú mi o. Mo ní kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ pe ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá kó wá dá a fún wa."

Ẹni tó ń kọjá náà ni Ọ̀gá Tojúbọ̀ọ́. Ká sòótọ́, kò tiẹ̀ ń kọjá. Ó ti pẹ́ tó ti dúró sẹ́nu géètì, tó fọwọ́ lẹ́rán, tó ń gbádùn ìjà. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni obìnrin yìí. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ ẹ̀ ló sọ ọ́ ní Tojúbọ̀ọ́, torí kò sí ohun tí kì í tojú bọ̀: ìkòkò ni o, kànga ni o, ẹnu ẹni tó ń hanrun ni o. Wọ́n ní ó tojú bọ ihò kan lọ́jọ́ kan, ejò inú ihò náà ló kọ́kọ́ figbe ta.

"Ẹ kú ìjà o," ó ní. "Ta ló ni ọmọlanke ọ̀hún?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Kò sí ọmọlanke kankan nínú ọgbà náà. Kò tiẹ̀ sí èyí tó rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn wọn, láti inú pálọ̀, obìnrin kan ń sunkún. Kì í ṣe ẹkún ariwo. Ẹkún ẹni tó ti sun ún títí tó fi ku èémí lásán ni. Ilé ń jó, ọkùnrin méjì sì ń jà lórí ẹni tó máa gbá eérú.

Bàbá Dírẹ́bà ni ọkọ onílé. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ku òun àti orúnkún ẹ̀ tí wọ́n jọ ń jà. Òróró tó fi ń pa orúnkún náà ta débi pé ojú Tojúbọ̀ọ́ ṣomi bó ṣe bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹnì kejì ni alámòójútó ilé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so ìdì kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣílẹ̀kùn ọ̀run. Òun ló ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé.

"Ẹ wọlé, Ọ̀gá. Mọ́mì ti ń retí yín," ni alámòójútó wí. "Àmọ́ kí ẹ tó wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ ni..."

"Ẹ jẹ́ kí n wá ẹni tó máa gbé e wá ná," ni Tojúbọ̀ọ́ dáhùn, ó sì kọjá sínú ilé.

*

Ìyá Nọ́ọ̀sì, onílé gan-an, jókòó sétí àga bí àlejò nínú ilé ara ẹ̀. Aṣọ funfun ọsibítù ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó nu ojú, ó fun imú, ó wá sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, wọ́n máa ta ilé mi."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn, oníyàrá mẹ́fà. Èyí tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́." Ó nawọ́ sí fèrèsé. "Mo fi owó iṣẹ́ alẹ́ ra ilẹ̀ ẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá mi ní ìyókù. Mo ní tí mo bá darúgbó, mi ò ní máa wo ojú ọmọ kí n tó jẹun, owó ilé ni màá máa jẹ. Oṣooṣù, alámòójútó á kó owó ilé wá, màá mú díẹ̀ nínú owó oṣù mi lé e, màá dì í sínú àpòòwé. Èmi ò ráyè, iṣẹ́ ò jẹ́, Dádì wọn ló máa ń gbé e lọ sí ẹgbẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí mi pé ó ti pẹ́ tí owó náà kì í pé mọ́. Pé àwọn ti rí ẹni tó máa ra ilé."

"Ta ló ń gbà á níbẹ̀?"

"Akọ̀wé wọn. Olè paraku! Mo ti ní kí wọ́n tì í mọ́lé."

Wọ́n ti tì í lóòótọ́. Tojúbọ̀ọ́ ti bá a sọ̀rọ̀ ní téṣàn kó tó máa bọ̀.

"Ìwọ lo jí i?" ló bi í níbẹ̀.

"Màdáámù, ẹ wo bàtà mi." Akọ̀wé gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹnu bàtà náà ti là, ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì sì ń yọjú níbẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ wo àlejò. "Ṣé ẹsẹ̀ olówó rèé? Bàbá yẹn ló ń mú un wá ní dídín. Tí mo bá bi í, á ní ìyókù ń bọ̀ lọ́nà. Mo rí i pé àgbàlagbà ni, mi ò fẹ́ dójú tì í."

Ní báyìí, Tojúbọ̀ọ́ yíjú sí Bàbá Dírẹ́bà tó ti tẹ̀ lé e wọlé.

"Bàbá, akọ̀wé ní dídín lẹ ń gbé e wá."

"Irọ́ ló ń pa! Bí wọ́n ṣe dì í ni mo ṣe ń gbé e lọ."

"Rìsíìtì ńkọ́?"

"Wọ́n... ọ́fíìsì ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí."

Tojúbọ̀ọ́ wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n ti lẹ ṣòkòtò ẹ̀ débi pé àlẹ̀mọ́ gan-an ní àlẹ̀mọ́. Kò sí aago lọ́wọ́ ẹ̀. Ikùn ẹ̀ ò yọ. Tó bá jẹ́ òun ló ń jowó, ibo lowó ń gbà wọlé sí i lára?

Níbẹ̀ ni Tojúbọ̀ọ́ bọ́ bàtà ẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Kí nìyẹn?" Ìyá Nọ́ọ̀sì bi í.

"Bàtà kì í jẹ́ kí n ronú, mà. Ó máa ń há ọpọlọ mi mọ́lẹ̀." Ó na ìka ẹsẹ̀. "Ẹ wò ó. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí ń purọ́, ó dájú. Àmọ́ ebi ń pa àwọn méjèèjì. Mo ti mú olè tó yó, mo ti mú olè tó ń múra àtiyó, mi ò tíì mú olè tó jalè títí tó ń lẹ ṣòkòtò. Owó kì í kú, mà. Tó bá ti jáde ńlé yín, ilé kan wà tó ń sùn sí."

Ìyá Nọ́ọ̀sì wo ọkọ ẹ̀. Ó ní kí ọkọ ẹ̀ lọ bá àwọn bu omi wá. Bí baba náà ṣe jáde báyìí, ìyàwó ẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò fẹ́ sọ ọ́ lójú ẹ̀. Aránṣọ kan wà ní yàrá karùn-ún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra maṣíìnì tuntun, èyí tó ń lo iná. Aládùúgbò ní Dádì wọn kì í sí nílé lọ́sàn-án mọ́, tí mo bá ti lọ síṣẹ́. Dádì fúnra wọn ní àwọn ń rìn torí orúnkún." Ó fi aṣọ bo ẹnu. "Orúnkún wo ló ń rìn ní gbogbo ọ̀sán?"

Tojúbọ̀ọ́ gbé bàtà ẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde láìwọ̀ ọ́.

*

Ilé ẹ̀yìn náà mọ́ tónítóní. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló là á láàárín, yàrá mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Aránṣọ wà lẹ́nu iṣẹ́, ó kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Maṣíìnì yín yìí dáa. Ta ló rà á fún yín?"

Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. "Ta ló rà á fún mi? Ẹ ò lè ní kí ni mo tà tí mo fi rà á? Àjọ ló kàn mí! Ẹ lọ bi aládùúgbò tá a jọ ń dá a, òun ló gbà á ṣáájú mi, fíríìjì ló fi ra tiẹ̀."

"Bàbá onílé kì í wá síbí?"

"Bàbá Dírẹ́bà? Wọn ò fẹ́ràn mi. Wọ́n ní ariwo maṣíìnì mi pọ̀."

"Ariwo ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn níwájú lọ́hùn-ún?"

"Èmi náà ò mọ̀. Etí àgbà ni." Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ariwo tó yẹ kí wọ́n bójú tó ni ti yàrá kẹfà yẹn."

"Ta ló ń gbé yàrá kẹfà?"

"Kò sẹ́ni tó ń gbé e. Ṣófo ló ṣófo. Alámòójútó ní nǹkan kan ń ké níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbà á, á kìlọ̀ fún un. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré. Àfi bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ." Aránṣọ fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ké e: "Hrrrrùn. Hrrrrùn. Bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí lórí yanrìn. Tí mo bá wá tẹ maṣíìnì jù, á kan ògiri fún mi, gbà! gbà! gbà! Ọ̀gá, ẹ ò rí mi bí mo ṣe rù? Àdúrà ló gbé mi dúró."

"Ìgbà wo ló máa ń ké?"

"Ọ̀sán. Àfi Sọ́ńdè, kì í ké lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Iwin tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí màmá onílé gba ìsinmi, tí wọ́n wà nílé, kò ké rárá. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́. Tí wọ́n bá wá bọ́ sí iṣẹ́ alẹ́, òru ló máa ń ké, ọ̀sán á pa rọ́rọ́."

Tojúbọ̀ọ́ wo bàtà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin.

"Aránṣọ," ó ní, "ẹ má gbàdúrà mọ́ o, kẹ́ ẹ má baà lé e lọ kí n tó rí i. Iwin tó mọ ìgbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì ń lọ síṣẹ́, tó mọ ìgbà tí wọ́n ń dé, mo fẹ́ kí òun àtèmi kíra."

*

Ó bá alámòójútó níwájú yàrá kẹfà. Ọkùnrin náà ò fẹ́ sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó ta kété bí ẹni tó ń wo iná.

"Ẹ ṣí i."

"Háà, Ọ̀gá! Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ti sọ nù."

Lóòótọ́, àgádágodo náà ti dípẹtà, aláǹtakùn sì ti ta ilé síbẹ̀, ó ti bímọ, ó jọ pé ọmọ ti lọ́kọ. Kò sẹ́ni tó gba ilẹ̀kùn yìí kọjá láti ọjọ́ yìí wá.

"Ilẹ̀kùn míì ńkọ́?"

"Ọ̀kan wà lẹ́yìn, tó bọ́ sí ojú ọ̀nà kékeré. Wọ́n ti fi pákó kàn án pa."

"Ẹ̀yin náà ti gbọ́ igbe yẹn rí?"

"Tí mo bá gbọ́ ọ, Ọ̀gá, ẹsẹ̀ mi kì í gbélẹ̀. Èmi kì í débi yàrá yẹn. Èmi nìkan ni ìyá mi bí."

Tojúbọ̀ọ́ yí lọ sẹ́yìn ilé. Okùn ìsáṣọ kan wà níbẹ̀, wọ́n so ó mọ́ irin fèrèsé yàrá kẹfà. Ṣòkòtò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì àti síńgílẹ́ẹ̀tì kan ń fì lórí ẹ̀.

"Ta ló ni ṣòkòtò yìí?"

Ti alámòójútó ni. Kò sí ẹlòmíì nínú gbogbo ilé náà tí itan ẹ̀ lè wọ ṣòkòtò yẹn.

"Ẹ ń bẹ̀rù iwin, ẹ wá ń sá ṣòkòtò sójú fèrèsé ẹ̀. Ṣé òun ló ń bá yín ká a tí òjò bá ń bọ̀?"

"Ọ̀gá, oòrùn ibẹ̀ ló dáa."

Ó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ó lọ síbi ilẹ̀kùn. Pákó ńlá kan dábùú ẹ̀ lóòótọ́, orí ìṣó sì ń dán lọ́tùn-ún lósì. Ó fi èékánná fa ọ̀kan. Orí ìṣó náà bọ́ sí i lọ́wọ́ bí eyín àgbà. Orí lásán ni, kò nídìí. Ara ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n kan pákó yìí mọ́, wọn ò kàn án mọ́ férémù. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, tòun ti pákó ni yóò jọ ṣí. Ó tẹ̀ ba, ó wo híńjì. Híńjì náà ń dán, ẹnì kan ti fi epo pa á kó má baà dún. Ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó sì fà á símú.

Ojú ẹ̀ ṣomi.

Epo kẹ̀, òróró ni. Ó mọ òróró náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí ni.

Ó yẹ kínú ẹ̀ dùn. Inú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ máa ń dùn tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ já. Àmọ́ ohun tó rántí ni ẹkún inú pálọ̀ yẹn. Ìyá Nọ́ọ̀sì ti gbára dì fún akọ̀wé tó jẹ́ olè. Ó tiẹ̀ ti gbára dì fún aránṣọ. Ṣé ó gbára dì fún èyí?

Ó di alámòójútó lọ́wọ́ mú. "Ẹ̀yin àtèmi ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa mọ́ lónìí. Ẹ ṣe bí ẹni pé a ti ṣègbéyàwó."

*

Ohun tó wá ṣe kò ju nǹkan kékeré lọ. Ó ní kí Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé báàgì ẹ̀, kó kígbe pé wọ́n ti pe òun níbi iṣẹ́, kó gba géètì jáde, kó wá yí gba ọ̀nà ẹ̀yìn bọ̀.

"Kí là ń ṣe, Ọ̀gá?"

"À ń dẹ iwin, mà. Ẹ má bi mí léèrè ìjẹ tí mo fi dẹ ẹ́."

Wọ́n lúgọ sẹ́yìn ògiri lójú ọ̀nà kékeré, Ìyá Nọ́ọ̀sì, Tojúbọ̀ọ́, àti alámòójútó tí wọ́n dì mú bí adìyẹ ọjà. Kò pẹ́ rárá. Wọ́n gbọ́ bàtà tó ń wọ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Híńjì ò dún. Nígbà tó ṣe díẹ̀, igbe náà bẹ̀rẹ̀.

Hrrrrùn. Hrrrrùn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì di ògiri mú. Láti ìgbà tó ti délé ọkọ ló ti ń sùn ti ohùn yẹn. Kò sí iwin tó lè ya irú ẹ̀ lò.

Tojúbọ̀ọ́ lọ kan ilẹ̀kùn. Gbà, gbà, gbà.

Igbe dá. Ohùn kan sọ̀rọ̀ láti inú, ohùn ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí inú ń bí.

"Ta nìyẹn? Tó bá jẹ́ torí owó ilé ni, mo ti san án! Lọ sọ fún onílé ẹ pé àjà ń jò sí mi lórí. Owó ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbà, wọn ò mọ àtúnṣe. Àwọn onílé ayé ìsinsìnyí, ìkà ni wọ́n!"

Ìyá Nọ́ọ̀sì sún síwájú. "Onílé ló wà lẹ́nu ọ̀nà," ó ní.

Èèyàn lè gbọ́ bí omi ṣòkòtò alámòójútó ṣe ń kán sílẹ̀ lórí okùn. Ilẹ̀kùn wá ṣí, tòun ti pákó, Bàbá Dírẹ́bà sì dúró síbẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́.

Yàrá náà mọ́. Ẹní kan, àga kan, tábìlì kékeré kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ lé. Lára ògiri, ó fi ẹfun kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ KÀN KÍ Ẹ TÓ WỌLÉ.

*

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Ìyá Nọ́ọ̀sì bi í, ibẹ̀ ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. "Obìnrin wo lẹ ń gbé wá síbí?"

"Obìnrin kẹ̀? Èmi nìkan ni! Orúnkún mi mélòó ló kù tí màá tún fi gbé obìnrin?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́, Bàbá," ni Tojúbọ̀ọ́ wí. "Tí mo bá ṣì í sọ, ẹ tún un ṣe. Ẹ fẹ́ yàrá kan tó jẹ́ tiyín. Ẹ bá alámòójútó sọ ọ́, ẹ ní kó má jẹ́ kí Mọ́mì gbọ́. Òun ló wá dá iwin sílẹ̀, kí ẹlòmíì má baà wá gba yàrá. Ẹ̀yin lẹ ń ké, òun ló ń polówó ẹ̀. Oṣooṣù, tí Mọ́mì bá gbé àpòòwé lé yín lọ́wọ́, ẹ ó yọ owó yàrá kẹfà nínú ẹ̀, ẹ ó fún alámòójútó, ẹ ó wá gbé ìyókù fún ẹgbẹ́."

"Ẹn-ẹn!" Ojú Bàbá Dírẹ́bà mọ́lẹ̀, bí ẹni tó rí agbẹjọ́rò. "Ẹ wá gbọ́ ìyókù. Mo yọ ọ́, mo fún alámòójútó. Alámòójútó á kó owó ilé fún ìyàwó mi. Ìyàwó mi á dì í sínú àpòòwé, á tún gbé e fún mi. Owó náà ń yí po ni! Kò kúrò nínú ilé. Ẹ wá sọ fún mi, èwo ni mo jí níbẹ̀?"

Tojúbọ̀ọ́ ti gbọ́ ẹjọ́ olè tó pọ̀ láyé ẹ̀. Kò tíì gbọ́ èyí rí. Ó gbà á rò lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan burúkú ibẹ̀ ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́.

"Fi owó onílé san owó ilé fún onílé," ó ń sọ fún ara ẹ̀. Ó wá yíjú. "Alámòójútó. Ẹ fún Mọ́mì lówó yàrá kẹfà rí?"

Alámòójútó kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ tèmi náà. Bàbá ní àṣírí ni. Yàrá tí mo sọ pé ó ṣófo, tí mo bá wá gbé owó ẹ̀ fún Mọ́mì, ṣé wọn ò ní bi mí pé ta ló san án? Kí àṣírí má baà tú ni mi ò fi lè fún wọn."

"Ẹ wá ń tọ́jú ẹ̀."

"Mo ń tọ́jú ẹ̀. Nígbà tó wá pọ̀, tí mi ò ríbi kó o sí..." Ó wolẹ̀. "Mo fi ra ilẹ̀ kékeré kan, mo sì da búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Èmi náà fẹ́ máa gbowó ilé, Ọ̀gá. Yàrá méjì péré."

"Owó ń yí po," ni Tojúbọ̀ọ́ wí fún Bàbá Dírẹ́bà, "òun ló jókòó sí kọ́nà tó ń gbá a mú. Oṣù kan, yàrá kan. Kò ní dun ẹnikẹ́ni. Títí Jímọ̀ fi dé."

Ojú baba náà wá ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e ni. Ó wo alámòójútó bí ẹni tó fẹ́ fi bàtà ọwọ́ ẹ̀ nà án, ó wá rántí ìyàwó ẹ̀, ó sì gbé bàtà náà wọ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ti jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Kò pariwo.

"Mo ń fi òru wẹ òkú àwọn ẹlòmíì," ó ní, "kí n lè san gbèsè ilé yìí. Ẹ fẹ́ yàrá, Dádì wọn. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Bàbá Dírẹ́bà fọwọ́ pa orúnkún, kì í ṣe pé ó ń dùn ún.

"Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ṣé ìyẹn burú ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ mi. Ọ̀fẹ́ ni bẹ́ẹ̀dì mi. Òróró orúnkún gan-an, ìwọ lò ń gbé e wá láti ibi iṣẹ́. Gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí nínú ọgbà yìí, tìẹ ni. Mo fẹ́ ibì kan tí mo ń sanwó ẹ̀. Ibi tí mo lè ti bínú sí onílé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, Tojúbọ̀ọ́ tiẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ò wá. Ìyá Nọ́ọ̀sì wo àjà níbi tó ti ń jò, ó wò ó pẹ́.

"Kí ẹ tó bínú sí onílé," ó wí níkẹyìn, "ẹ ò bá ti kọ́kọ́ jẹ́ kó nílé."

*

Wọ́n mú alámòójútó lọ sí téṣàn, kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́rùn ẹ̀ bí àgbò ọdún. Ó gbà pé òun máa ta ilẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù. Wọ́n tú akọ̀wé sílẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì ló lọ pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà téṣàn, ó kúnlẹ̀ síwájú ọkùnrin tó pè ní olè lánàá, torí kò sí ẹlòmíì tó lè bá òun bẹ ẹgbẹ́.

Akọ̀wé wò ó. Ó wo bàtà ara ẹ̀.

"Ẹ dìde, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wẹ̀. Ẹni tó bá ń rùn kì í ṣe alágbàwí."

Ó lọ wẹ̀, ó lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹgbẹ́ gbà láti dúró, wọn ò gbà tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ní tí búlọ́ọ̀kù ò bá tíì dowó kí oṣù tó parí, ẹni tó fẹ́ ra ilé ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá fúnra ẹ̀ máa gbé owó wá, kí yàrá kẹfà sì ní ayálégbé kíákíá.

Bí Tojúbọ̀ọ́ ṣe padà wá mú bàtà tó gbàgbé sílé aránṣọ, ó bá tọkọtaya náà níwájú yàrá ọ̀hún. Ẹnu ti tún kọ́ra.

"Ẹ kó ẹní yín jáde, Dádì wọn. Ọmọ olùkọ́ kan ń bọ̀ wá wò ó lọ́la."

"O ò lè lé mi. Òfin ò gbà á. O gbọ́dọ̀ fún mi ní nọ́tíìsì."

"Nọ́tíìsì wo? Ọkọ mi ni yín!"

"Nínú ilé iwájú ni mo ti jẹ́ ọkọ ẹ. Níbí, ayálégbé ni mí. Bi ọlọ́pàá."

"Ẹ má bi mí," ni Tojúbọ̀ọ́ sọ kíá, ó ń wá bàtà ẹ̀ kejì.

"Ayálégbé tí kò sanwó fún onílé rí?"

"Mo san án! Mi ò pa oṣù kan jẹ. Lọ bi gbogbo àwọn tó ń gbé nínú ilé yìí, ta ni kò tíì jẹ ọ́ lówó rí? Aránṣọ ti jẹ ọ́. Èmi ńkọ́? Láéláé!"

"Owó mi lẹ fi san án!"

"Ṣé o béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù ibi tí wọ́n ti rí tiwọn?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí ilé iwájú. Ọwọ́ náà ò wálẹ̀.

Bàbá Dírẹ́bà wo ọwọ́ náà. Ó wọlé, ó ká ẹní, ó gbé àga lé orí, ó fi aṣọ tábìlì kọ́ ọrùn. Ó jáde, ó ń tiro lọ sí ilé iwájú, níbi tí kò ti ní san nǹkan kan. Nígbà tó dé ìdajì ọgbà, ó dúró, kò wẹ̀yìn, nítorí àga ò jẹ́ kó lè yí ọrùn.

"Ó dáa!" ó kígbe sí afẹ́fẹ́. "Mo ti kó jáde. Èmi ni mo kó jáde o, wọn ò lé mi! Ká wá máa wò ó, ká wo ibi tí onílé yìí ti máa rí ayálégbé bí èmi."

Ó mi orí, àga náà mì pẹ̀lú ẹ̀, ó sì ń lọ bí ẹni tí adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láre.